Lébẹ̀lì Bíńtín Lábẹ́ Abọ́ Ìjọ

Ohun tó ń kó Tinúọlá Àyànbádéjọ nírìíra pọ̀ ju ohun tó ń dùn mọ́ ọn nínú lọ. Kò lè fi ife tí ẹlòmíì ti fẹnu kàn mu omi. Bó bá wọ kẹ̀kẹ́, tí ẹni tó jókòó tì í bá ń tọwọ́ bọ imú, yóò ní kí oníkẹ̀kẹ́ já òun sílẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó ń lọ ṣì jìnnà. Àwọn tó ń ta káàdì fóònù níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Àǹtí Ó-Rí-Mi-Lára. Ó gbọ́, kò bínú. Ó ní irọ́ kọ́ ni wọ́n pa.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà lójú ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì ní Ìwó. Lébẹ̀lì báàkóòdù, ìyẹn àwọn ìlà dúdú tí fóònù ń kà, ló ń tẹ̀ níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò òògùn, mọ́ páálí bàtà, mọ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, kí ẹni tó ni ẹrù lè mọ ohun tó ní àti iye tó ṣẹ́ kù. Nígbà kan rí, pósítà òkú ló ń tẹ̀. Irọ́ ló lé e kúrò nídìí ẹ̀. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó máa ń lu ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé kó kú, bí òun náà bá ti kú tán, àwọn ọmọ á dé, wọ́n á ní kí Tinúọlá kọ "ọkọ rere, bàbá àtàtà" sábẹ́ fọ́tò rẹ̀. Tinúọlá á máa tẹ̀ ẹ́, á máa pòṣé. Lébẹ̀lì kì í yin ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀. Bí fóònù bá ti kà á, ó ti sọ ohun tó fẹ́ sọ, ó ti parí. Bàbá Tinúọlá, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe tíṣà ní ilé-ìwé míṣọ̀n, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún un ju ilé kékeré kan lọ àti ojú tí kò lè wo ìdọ̀tí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Díákónì Ògúntóyè wọlé. Òun ni alága kọmíìtì ohun-ìní ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tí Tinúọlá ń lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, aṣọ rẹ̀ kì í rún, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sílẹ̀. Tinúọlá kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá Díákónì."

"Ọmọ tíṣà, pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà."

Díákónì ṣí fìlà, ó fi nu òógùn ojú àti ti ọrùn, ó dé fìlà ọ̀hún padà. Tinúọlá gbójú sí ògiri.

"Olè wà nínú ìjọ wa," ni Díákónì wí. "Abọ́ tánganran tí a rà ń tán lọ. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣe ètò, tí àwọn èèyàn jẹun tán, abọ́ á dín. Adéníkẹ́ la sì ń wò. Òun ló ń fọ̀ wọ́n, òun ló ń kó wọn pamọ́. Ta ló tún ń fọwọ́ kàn wọ́n?"

Adéníkẹ́ yìí, tí gbogbo wa mọ̀ sí Màmá Jonathan, opó ni. Yàrá kan lẹ́yìn ìdáná ìjọ ló ń gbé. Fífọ abọ́ àti gbígbá àgbàlá ló fi ń san owó yàrá náà, Jonathan ọmọ rẹ̀ sì ń kọ́ṣẹ́ ní Òṣogbo. Bí wọ́n bá lé e kúrò níbẹ̀, kò sí ilé mìíràn tó lè forí lé.

"Báàkóòdù ni kí o tẹ̀ fún wa," ni Díákónì ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "sí abẹ́ gbogbo abọ́. Kó jẹ́ aláwọ̀. Ti Ẹgbẹ́ Ìyá, elésè àlùkò. Ti Ẹgbẹ́ Bàbá, búlúù. Ti akọrin, pupa. Ti ọ̀dọ́, àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n kó kéré o! Kó kéré débi pé àlejò tó bá ń fi jẹun kò ní mọ̀ pé a fura sí ẹnì kankan."

"Báwo ni kó ṣe kéré tó, sà?"

Díákónì na ọmọńdinrín rẹ̀ síwájú rẹ̀. "Bí èékánná yìí."

Èékánná náà gùn, ìdọ̀tí dúdú sì tò sábẹ́ rẹ̀ láti igun kan dé ìkejì. Tinúọlá yára gbójú kúrò níbẹ̀. "Mo ti rí i, sà," ló wí.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn rárá. Díákónì ti ní kí ìlà ti akọrin jẹ́ pupa lórí ìwé funfun, kó lè dùn ún wò. Tinúọlá ṣàlàyé títí pé ìmọ́lẹ̀ pupa ni ẹ̀rọ tí ń ka báàkóòdù ń tàn, pé lójú ẹ̀rọ náà ìlà pupa kò yàtọ̀ sí ìwé lásán. Ilẹ̀ lébẹ̀lì ló yẹ kó ní àwọ̀, kí àmì orí rẹ̀ dúdú. Nígbà tó tún dín ìlà ọ̀hún kù dé ìwọ̀n èékánná Díákónì, íǹkì ṣàn pọ̀, ìlà wọnú ìlà, fóònù wò ó títí, kò rí nǹkan kà. Ó pààrọ̀ ìwé, ó ra èyí tó ń dán tí omi kì í wọ̀. Nígbà tó yá, ó pa ìlà tì, ó lo àmì onígun mẹ́rin tó kún fún àmì dúdú wínníwínní, nítorí ìyẹn máa ń gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ sínú àyè kékeré. Ó wá kó díẹ̀ nínú wọn sínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀, ó da ọṣẹ sí i, ó sè é lórí iná bí ẹni ń se ẹ̀wà. Lébẹ̀lì kò ṣí, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣá. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ìkòkò náà kò sì padà wọ ìdáná rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ìdáná ìjọ ni òun àti Màmá Jonathan ti lẹ lébẹ̀lì náà. Bí Tinúọlá ṣe débẹ̀, imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́ sá padà. Bàsíà ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń da àjẹkù sí fún ọkùnrin kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, eṣinṣin bò ó. Ọwọ́ Màmá Jonathan ti là pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ nítorí ọṣẹ. Tinúọlá wo ọwọ́ náà, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó sì ń rò ó lọ́kàn bóyá ọwọ́ olè lòun ń wò. Ó yọjú wo inú yàrá obìnrin náà láti ẹnu ọ̀nà. Ẹní wà níbẹ̀, Bíbélì wà, ife irin kan wà. Kò rí abọ́ tánganran kankan.

"Àǹtí, ohun tí ẹ ń lẹ̀ yìí, ṣé ó lè sọ ibi tí abọ́ bá lọ?" ni Màmá Jonathan béèrè.

"Rárá, mà. Ibi tí ẹ bá ti bá abọ́ náà, tí ẹ bá gbé fóònù sí i, á kàn sọ pé ti ìjọ ni, á sì sọ ẹgbẹ́ tó ni ín."

"Ìyẹn náà dáa. Ó ti sú mi. Gbogbo èyí tó bá padà wá ni mò ń fọ̀. Èyí tí kò bá padà wá, kí ni mo fẹ́ ṣe fún un?"

"Níbo ló ń lọ tí kì í padà wá, mà?"

Màmá Jonathan wo ẹnu ọ̀nà kó tó fèsì. "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé oúnjẹ àwọn àgbà kì í gbé ìdáná ni? Wọ́n á bù ú, wọ́n á fi abọ́ dé e lórí, wọ́n á gbé e lọ sílé fún wọn. Ìrẹsì lọ́tọ̀, ẹran lọ́tọ̀, iyán lọ́tọ̀. Oúnjẹ ń lọ, abọ́ ń bá a lọ. Ṣé èmi ni mo máa wá lọ kan ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àgbà lórí, kí n ní wọ́n kó abọ́ wá?"

"Ẹ ò sọ fún kọmíìtì?"

"Ta ni alága kọmíìtì?"

Tinúọlá mú lébẹ̀lì mìíràn. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sún sẹ́yìn fún obìnrin náà mọ́.

Àjọ̀dún ìjọ kọjá, ìkórè tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n ní kí Tinúọlá wá fi fóònù ka abọ́. Ó kà á láti orí dé ìdí, èyí tó dín nínú wọn lé ní ogún. Kọmíìtì jókòó sí i. Wọ́n pe Màmá Jonathan, ó kúnlẹ̀ láàárín wọn, kò sẹ́ni tó sọ pé kó dìde.

"Ẹ̀rọ ò lè purọ́," ni Díákónì Ògúntóyè wí, ó nawọ́ sí fóònù Tinúọlá bí ẹni pé òun ló bí i. "Adéníkẹ́, abọ́ ìjọ dà?"

"Bàbá, mi ò kó abọ́ kankan."

Tinúọlá kò lè mú un mọ́ra. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé a lè béèrè ní ilé àwọn àgbà tí a gbé oúnjẹ lọ fún?"

Díákónì rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù bá a rẹ́rìn-ín. "Tinúọlá! Abọ́ tí a fi gbé oúnjẹ fún àgbà, ṣé ìyẹn náà nù? Abọ́ tó sọnù là ń wá, kì í ṣe èyí tó wà níbi tó yẹ kó wà."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà. Ohun tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe pé ó ń fi nǹkan kan pamọ́. Bó ṣe rí lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Abọ́ tó bá ti gbé oúnjẹ wọ ilé rẹ̀ ti di apá kan nínú iyì rẹ̀, olè sì jẹ́ ohun tí àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn ìdáná ń ṣe. Wọ́n fún Màmá Jonathan ní àyè di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Bí kò bá kó abọ́ náà wá, wọ́n á dárúkọ rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, á sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú yàrá. Pásítọ̀ Bọ́lárìnwá gbàdúrà ìparí, ó ní kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí òtítọ́ sáàárín wọn. Tinúọlá kò ṣe àmín. Ó ń wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó ń ṣe é bí ẹni pé ó ti bọ́ sínú ilé ìyàgbẹ́, tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tọwọ́ bọ̀ ọ́ yọ. Iṣẹ́ tó mọ́ tóní lòun ṣe fún wọn, òun ni wọ́n sì fi ń lé opó jáde nílé.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún Màmá Jonathan, Díákónì Ògúntóyè ṣí ilé tuntun tó kọ́ sí Ilé-Ogbó, ìlú rẹ̀. Tinúọlá kò fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó pásítọ̀ gbé mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ní bí kò bá lọ àwọn èèyàn á ní ó ń bínú. Ó gbé omi tirẹ̀ dání, ó sì ti pinnu pé òun ò ní fẹnu kan nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ta ló rí lẹ́yìn ilé, tó lóṣòó ti bàsíà omi ọṣẹ? Màmá Jonathan ni! Ẹni tí wọ́n fẹ́ pè lólè abọ́ lọ́la, òun náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí pé kó wá bá wọn fọ abọ́ lónìí. Tinúọlá tutọ́ sínú koríko.

Wọ́n gbàdúrà sí ilé náà, wọ́n ka Bíbélì, wọ́n kọrin. Àwọn ará àdúgbò jókòó síta, wọ́n ń fi ike ìjẹun-sọnù jẹ tiwọn. Inú pálọ̀ ni wọ́n kó àwọn tó ti Ìwó wá sí, pásítọ̀, àwọn àgbà ìjọ àti àwọn bí i Tinúọlá, wọ́n sì fi tánganran gbé oúnjẹ fún wọn. Ìyàwó Díákónì ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wọn. "Ẹ jẹun o," ló ń wí, "ẹ má ṣojú fún ara yín. Ní ilé tiwa, a kì í yá abọ́."

Wọ́n gbé ìrẹsì lé Tinúọlá lọ́wọ́ kó tó rí ọ̀nà kọ̀ ọ́. Ẹran wà lórí rẹ̀, òróró yí i ká. Bó ṣe ń wá ibi tó máa gbé e sí, ìka rẹ̀ kan nǹkan kan lábẹ́ abọ́ náà, nǹkan bíńtín tó ń yọ̀, onígun mẹ́rin.  Ó gbé abọ́ náà sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Elésè àlùkò. Ó yọ fóònù, ó gbé e sí i, fóònù dún, ó kọ ọ́ síta kedere: abọ́ ìjọ, ti Ẹgbẹ́ Ìyá.

Ó gbójú sókè, ó wo pálọ̀ yíká. Gbogbo wọn ló ń fi abọ́ kan náà jẹun. Pásítọ̀ ń fa itan adìyẹ ya. Akọ̀wé kọmíìtì ń lá ìka. Òróró wà lẹ́nu, òróró wà ní irùngbọ̀n, eegun ń dún láàárín eyín, gbogbo rẹ̀ lórí abọ́ tí wọ́n ní opó kan jí. Tinúọlá gbé abọ́ náà dání. Ó dìde.

"Bàbá Díákónì, abọ́ ìjọ rèé o, sà."

Díákónì jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé mo kó o sá ni? Ilé mi ló wà."

"Èyí tí ẹ ní Màmá Jonathan jí nìyí, sà. Gbogbo rẹ̀ rèé lọ́wọ́ yín."

"Tinúọlá, jókòó, kí o jẹun."

"Ẹ jẹ́ ká má da oúnjẹ láàmú," ni Pásítọ̀ wí, ohùn rẹ̀ tutù. "Ọ̀rọ̀ kọmíìtì nìyẹn. Bí a bá padà dé Ìwó, a máa wò ó."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ń jẹun lọ. Ká ní wọ́n bínú ni, ká ní wọ́n tijú ni, bóyá Tinúọlá ì bá ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n jíjẹ tí wọ́n ń jẹ lọ yẹn, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó dojú abọ́ dé. Ìrẹsì, ẹran àti òróró bọ́ sórí táìlì ilẹ̀ tuntun Díákónì, ó fọ́n ká. 

"Àbùkù ńlá!" ni ìyàwó Díákónì ké. "O da oúnjẹ nù nínú ilé mi lọ́jọ́ tí mo ṣí i! Adéníkẹ́! Adéníkẹ́ o! Gbé ìgbálẹ̀ wá, wá kó ìdọ̀tí yìí!"

Màmá Jonathan wọlé, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ kan, bàsíà àjẹkù wà lọ́wọ́ kejì, omi ọṣẹ ń ro ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Tinúọlá lọ bá a. Ó na abọ́ náà sí i, ìdí rẹ̀ lókè. Obìnrin náà fi etí ìró nu òróró kúrò lára rẹ̀, ó wo lébẹ̀lì náà tí òun fúnra rẹ̀ bá Tinúọlá lẹ̀. Ó wo abọ́ ọwọ́ akọ̀wé. Ó wo ti pásítọ̀. Ó wo gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà ló gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó lọ bá ẹni tó sún mọ́ ọn jù, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fún mi ní abọ́ ìjọ."

"Mo ń jẹun lọ́wọ́, Adéníkẹ́."

"Wọ́n ní kí n kó wọn wá kó tó di ọ̀la, sà."

Ó gba abọ́ náà, kò já a gbà, bí ẹni ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ló ṣe gbà á. Ó da oúnjẹ inú rẹ̀ sínú bàsíà àjẹkù, ó fi abọ́ lé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjá sí ẹni kejì. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, abọ́ ìjọ." Gbogbo ẹni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kúnlẹ̀ fún. Ìrẹsì ń bọ́ sínú bàsíà, iyán ń bọ́ sí i, ọbẹ̀ ń bo iyán. Àwọn kan fẹ́ bínú, wọ́n wo abẹ́ abọ́ ọwọ́ wọn, wọ́n sì gbé e sílẹ̀ fún un. Nígbà tó kúnlẹ̀ fún pásítọ̀, pásítọ̀ wo Díákónì, ó wo abọ́, ó wá sáré mú itan adìyẹ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ kó tó gbé abọ́ fún un. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹran lọ́wọ́, òróró ń ṣàn wọ inú ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀.

Ó ku Díákónì Ògúntóyè. Màmá Jonathan kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, òkìtì abọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Díákónì, ẹ jọ̀ọ́, abọ́ ìjọ."

Díákónì kò gbé abọ́ náà. Ó ń wo orí obìnrin náà bí ẹni pé ògiri ló wà níbẹ̀. Màmá Jonathan ò dìde. Àwọn àgbà ìjọ ń wò wọ́n, kò sẹ́ni tó ní nǹkan tó máa fi ẹnu rẹ̀ jẹ mọ́. Díákónì wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti abọ́ náà síwájú.

"Gbà," ló wí. "Ṣé nítorí abọ́?"

"Nítorí yàrá mi ni, sà," ni Màmá Jonathan wí. Ó da oúnjẹ Díákónì mọ́ ti àwọn yòókù.

Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó di abọ́ gbogbo mọ́nú rẹ̀. Tinúọlá tẹ̀ mọ́ ọn, ó di igun gèlè kan mú, òróró àti ọbẹ̀ kùn ún lọ́wọ́ dé ọrùn ọwọ́, kò tilẹ̀ nu ún. Wọ́n gbé e láàárín ara wọn, wọ́n forí lé ojú títì láti lọ wá ọkọ̀ Ìwó. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu géètì nígbà tí ìyàwó Díákónì sáré jáde, tó ń pariwo lé wọn lẹ́yìn pé ta ni wọ́n wá fẹ́ kó bá òun fọ ìkòkò.